Láti Ẹnubodè Wọ Inú Ilé

Ọ̀rọ̀ ìyànjú lórí rédíò fún àwọn Yorùbá ọmọ Ìjọ Kátólíìkì tí ń gbé ní Sókótó

  

Ní ọdún 1992 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ àwọn aláàbọ̀ ara káàkiri ayé. Kò sí ọdún kan tí ọjọ́ náà kì í bọ́ sí àsìkò Ádífẹ́ntì, tí Ìjọ Mímọ́ fi ń palẹ̀ ọ̀nà mọ́ de Olúwa. Ẹ rántí ohun tí wòlíì Àìsáyà ké sí wa láti ṣe ní àsìkò náà: kí á kún kòtò, kí á rẹ òkè sílẹ̀, kí ibi tí ó rí pálapàla di títẹ́jú. Ọ̀nà ọkàn ni a máa ń sọ pé wòlíì náà ní lọ́kàn, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín wa tí kòtò wọn jẹ́ kòtò gidi, tí òkè wọn sì jẹ́ àtẹ̀gùn mẹ́ta péré tí ó wà níwájú ilé Ọlọ́run. Nípa wọn ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀.

Gbogbo ẹni tí ń gbé Sókótó ni ó mọ Kofar Marke. Ẹnubodè ni Haúsá ń pè ní kofa, marke sì ni igi tí àwa ń pè ní àyin. Láyé ìgbà tí odi yí ìlú ká, ẹnubodè ni àlejò ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni oníṣòwò ń sọ ẹrù kalẹ̀ sí. Nítorí náà ibẹ̀ ni ó yẹ ẹni tí kò lè rìn jìnnà láti jókòó sí, kí àwọn tí ń kọjá lè rí i. Odi kò yí ìlú ká mọ́ bí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ìjókòó yẹn kò tíì kúrò. Bí ẹ bá rin ìgboro Sókótó lónìí, ní Kofar Marke àti ní àwọn ìkóríta mìíràn, ẹ ó rí ọkùnrin tí ó ki bàtà rọ́bà bọ ọwọ́ méjèèjì, tí ó ń fi ọwọ́ náà rìn lórí ilẹ̀ gbígbóná. Ẹ ó rí ẹni tí ó jókòó lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń fi ọwọ́ yí. Ẹ ó rí afọ́jú tí ó di orí ọ̀pá kan mú, tí ọmọdé kan sì di orí kejì mú níwájú rẹ̀. Ọ̀pá kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ó so ìgbésí ayé ènìyàn méjì mọ́ ẹnubodè: ti bàbá tí kò ríran, àti ti ọmọ tí ojú rẹ̀ là kedere ṣùgbọ́n tí kò rí ilé-ìwé lọ.

Ìtàn kan wà nínú ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, ní orí kẹta, tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu rẹ́gí. Ọkùnrin kan tí a bí ní arọ, tí ó ti lé ní ogójì ọdún, ni wọ́n máa ń gbé wá lójoojúmọ́ sí ẹnubodè tẹ́ńpìlì tí à ń pè ní Dáradára, kí ó lè máa tọrọ lọ́wọ́ àwọn tí ń wọlé. Àwọn tí ń gbé e wá kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Aláàánú ni wọ́n, ojúmọ́ kan kò mọ́ kí wọ́n má gbé e. Àwọn tí ń ta á lọ́rẹ pàápàá kì í ṣe ènìyàn burúkú. Síbẹ̀, ẹnubodè ni gbogbo àánú wọn parí sí. Nígbà tí Pétérù àti Jòhánù dé, Pétérù jẹ́ kí ó mọ̀ pé òun kò ní fàdákà tàbí wúrà. Ó fà á lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé e dìde, ọkùnrin náà sì bá wọn wọ inú tẹ́ńpìlì lọ. Gbogbo ènìyàn ni ó máa ń rántí pé ó rìn. Ibi tí ó rìn lọ ni a fẹ́ kí ẹ fiyè sí lónìí. Inú ilé ni ó wọ̀.

Agbára iṣẹ́ ìyanu lè má sí lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n agbára àtifa ènìyàn láti ẹnubodè wọ inú ilé wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Sàráà dára, Ìjọ Mímọ́ ń kọ́ni pé kí á máa ṣe é, àwọn ará wa Mùsùlùmí náà kò sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń fún ní sàráà lójoojúmọ́ tí a kò ṣí ilẹ̀kùn fún, ẹnubodè náà ni yóò dàgbà sí, ibẹ̀ ni yóò sì kú sí.

Wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù orí rẹ̀ wọ́, ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. A ti pa òwe yìí títí, a kò ronú sí i mọ́. Bí àwọn kan bá rí alágbe lójú títì, wọn a ní ọ̀lẹ ni, tàbí wọn a ní bárà ti mọ́ àwọn ará ibí lára. Òkè ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wò. Ẹ jẹ́ kí á wo ìsàlẹ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn àgbàlagbà tí ń fi ọwọ́ rìn ní apá Àríwá yìí, àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni ó bá wọn jà ní kékeré. Ní ọdún 2003, àhesọ gba ilẹ̀ kan pé òògùn àjẹsára tí a ń kán sí ọmọ lẹ́nu yóò sọ ọmọ di àgàn, àwọn ìpínlẹ̀ kan sì dá a dúró. Ó tó nǹkan bí ọdún kan kí Kánò tó tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àrùn náà ràn kọjá Nàìjíríà dé àwọn ilẹ̀ tí ó ti kásẹ̀ rẹ̀ kúrò. Iṣẹ́ ńlá ni a ṣe kí ó tó di pé, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, a kéde pé kòkòrò àrùn náà tí a bá láyé ti kúrò ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ àmójútó Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ọdún 2016 ni a rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Bọ̀rnó. Ṣùgbọ́n ìjà kò tíì tán. Níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá ti gba òògùn, kòkòrò tí a ti sọ di aláìlágbára nínú òògùn náà lè máa ti ara ọmọ kan bọ́ sí ara òmíràn, títí yóò fi yí padà tí yóò sì tún lágbára láti rọ ọmọ. Irú èyí ti mú àwọn ọmọ ní apá Àríwá láti ìgbà náà wá, títí kan ìpínlẹ̀ Sókótó wa yìí. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, bí àwọn tí ń kán òògùn bá kan ilẹ̀kùn, ẹ má ṣe sọ pé ọmọ kò sí nílé.

Àrùn kan tún wà tí ayé mọ Sókótó mọ́. Noma ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké tí oúnjẹ kò ká, tí èéyi tàbí ibà ti kọ́kọ́ dá gbé, ni ó sábà máa ń mú. Erìgì ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó lè jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ètè tàbí imú lọ. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè pa mẹ́sàn-án nínú ọmọ mẹ́wàá. Èyí tí ó bá sì yè, ojú rẹ̀ a bàjẹ́, ẹnu rẹ̀ lè má là dáadáa mọ́ láti jẹun tàbí láti sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí a bá tètè gbé ọmọ náà lọ fún ìtọ́jú, òògùn tí ń pa kòkòrò, fífọ ẹnu àti oúnjẹ tí ó dára lè dá a dúró. Ọdún 1999 ni a dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ fún àrùn yìí ní Sókótó. Ní ọdún 2014 ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn tí à ń pè ní Médecins Sans Frontières bẹ̀rẹ̀ sí í ràn án lọ́wọ́, tí wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn ọmọ náà láìgba owó. Síbẹ̀, ó di oṣù kejìlá ọdún 2023 kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn àrùn tí ayé ti pa tì.

Ẹ fi àrùn yírùnyírùn ìgbà ooru kún un, tí í sọ ọmọ di adití; ẹ fi jàǹbá ọkọ̀ àti ọ̀kadà kún un. Nínú gbogbo wọ̀nyí, èwo ni ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ náà? Àwọn ọmọ-ẹ̀yìn bi Olúwa wa ní irú ìbéèrè yìí nígbà tí wọ́n rí ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú: ta ni ó ṣẹ̀, òun ni tàbí àwọn òbí rẹ̀? Olúwa dáhùn pé kì í ṣe òun, kì í sì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Ìdáhùn náà wà nínú Ìhìnrere Jòhánù, orí kẹsàn-án. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, bí a bá bí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tọ́, ilé aláwo tàbí ilé aríran ni ẹsẹ̀ kọ́kọ́ ń yà sí, kí á tó dé ilé ìwòsàn.

Àìsàn gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àìsàn ni ó gba ìwé àti iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Gọ́tà tí a kò bò ni ó gbà á. Ilé-ìwé tí kíláàsì rẹ̀ wà ní òkè ni ó gbà á. Ọlọ́kadà tí ó wò ó tí kò dúró ni ó gbà á, àti ọ̀gá tí ó rí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ tí inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n tí ó rí ọ̀pá rẹ̀ tí ojú rẹ̀ yí padà. Àwọn àgbà sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kò sí ẹnìkan nínú wa tí a kò ràn lọ́wọ́. Àtẹ̀gùn pàápàá, ìrànlọ́wọ́ ni fún ẹlẹ́sẹ̀ méjì, nítorí kò sí ẹni tí ó lè fò dé àjà kejì. Ẹni tí ó kọ́ ilé ti rò ó pé ẹlẹ́sẹ̀ méjì kò lè fò, ó sì ṣe àtẹ̀gùn fún un. Ohun tí àwọn aláàbọ̀ ara ń béèrè kò ju pé kí á ro tiwọn náà mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ èyí tí ó kan àwa Yorùbá tí a wà lẹ́yìn odi gan-an. Nígbà kan tí à ń lọ láti ilé dé ilé láti bùkún ilé àwọn ọmọ ìjọ, a dé ọ̀dọ̀ ìdílé kan. Fọ́gánáísà ni baba, ìyá ń dín àkàrà. Ọmọ mẹ́ta kúnlẹ̀, wọ́n kí wa. A bi ìyá wọn pé ọmọ mélòó ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ, ó ní mẹ́ta ni. Àbíkẹ́yìn nínú wọn, tí kò tíì gbọ́n tó láti bá àgbà bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ni ó sọ pé, “Màmá, ẹ ò ka Bùọ̀dá.”

Gbogbo ilé dákẹ́. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, baba dìde, ó ká aṣọ ìkélé sí apá kan. Ọmọkùnrin ọdún mọ́kànlá kan jókòó lórí ẹní, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tín-ín-rín bí ọ̀pá. Láti ọjọ́ tí a ti ṣe ìrìbọmi fún un, kò tíì tún fojú kan inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. Ó ní, “Fadá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ilé-ìwé méjì ni mo gbé e lọ, wọ́n ní àwọn ò ní àyè irú rẹ̀. Bí mo bá pọ̀n ọ́n jáde, gbogbo ojú a wà lára mi. Àwọn ará ilé ní kí n gbé e lọ fún ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní ìyá mi ti darúgbó, ta ni yóò máa gbé e lọ sí ilé ìyàgbẹ́?”

A kò bínú sí i. Ẹni tí ó gbé ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ́wọ́ lójoojúmọ́, tí kò sì fi í ránṣẹ́ sí ibi tí kò ti ní rí i mọ́, ìyá rere ni. A jókòó ti ọmọ náà, a bi í ní ìbéèrè mẹ́ta nínú Katikísìmù. Ó dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìṣì. A bi í pé níbo ni ó ti kọ́ ọ. Ó ní nígbà tí àwọn àbúrò òun bá ń ka tiwọn sókè ní alẹ́, òun a máa gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn aṣọ.

Ẹ̀yin ará, ọmọ mélòó ni ó ń kọ́ ìgbàgbọ́ láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé? Ọmọ mélòó ni a fi sílẹ̀ nílé lọ́dọ̀ ìyá àgbà, kí á má baà rí wọn ní Sókótó, nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wọn ń lọ sí ilé-ìwé níhìn-ín? Ìtìjú ni ó kọ́ aṣọ ìkélé náà, ṣùgbọ́n ìyá nìkan kọ́ ni ó ń ta òwú rẹ̀. Gbogbo ẹni tí ó bá wo ọmọ náà ní ìwòkuwò lójú ọ̀nà ni ó bá a ta á. Ti ọmọ yẹn, gbẹ́nàgbẹ́nà kan àti wẹ́dà kan nínú ìjọ fi orí korí, wọ́n fi àgá àti ẹsẹ̀ bàsíkùlù ògbólógbòó ṣe ìjókòó tí a lè tì. Ó ń wá sí ẹ̀kọ́ Katikísìmù nísinsìnyí. Ilé-ìwé tí yóò gbà á ni a ṣì ń wá.

Bí a bá sì ń wá a, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ojú rere ni a ń tọrọ. Òfin wà. Nàìjíríà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ní ọdún 2007, ó sì gbà á wọlé pátápátá ní ọdún 2010. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2011. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí àwọn aláàbọ̀ ara fi ń kan ilẹ̀kùn ìjọba àpapọ̀, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó lòdì sí fífi ojú ẹ̀tanú wo aláàbọ̀ ara, ní oṣù kìíní ọdún 2019. Òfin náà sọ pé aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ láìsí ìyàtọ̀, kí ó sì jẹ́ ọ̀fẹ́ títí dé ìparí ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì. Ó sọ pé níbi tí ènìyàn bá ti tò, kí á kọ́kọ́ dá aláàbọ̀ ara lóhùn. Ó sọ pé níwọ̀n bí ó bá ti ṣeé ṣe, kí ó kéré tán márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ìjọba jẹ́ aláàbọ̀ ara. Ó kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni máa fi aláàbọ̀ ara ṣagbe. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá fi ojú ẹ̀tanú wo aláàbọ̀ ara lè san mílíọ̀nù kan náírà. Ẹnìkan tí ó bá ṣe é lè san ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà, tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kí ó jẹ méjèèjì pọ̀. A fún gbogbo ilé tí àwùjọ ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe kí aláàbọ̀ ara lè wọlé. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ẹ wo ilé ìfowópamọ́ àti ọ́fíìsì tí ẹ ń wọ̀, kí ẹ sì sọ fún wa iye tí ó ti ṣe é. Òfin tí ẹni tí a ṣe é fún kò mọ̀, bí idà inú àkọ̀ ni. Ẹ fa idà náà yọ. Bí ẹ bá gbé ọmọ yín lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n lé yín padà, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè pé kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì gbé ìwé náà wá fún àlùfáà yín.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí kò fara sin. Ní Jos, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ayuba Gufwan, tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú ní kékeré, tí ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún rá kòrò, ti ń ṣe kẹ̀kẹ́ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti ọdún 1999. Orúkọ tí ó sọ ibi iṣẹ́ náà ni orúkọ ẹnubodè inú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì yẹn gan-an, Ẹnubodè Dáradára. Ní ọdún 2024 ni ìjọba fi í ṣe olórí àjọ àpapọ̀ tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara. Ní Kánò, Aminu Ahmed Tudun-Wada àti àwọn tí àrùn kan náà mú ń jó irin pọ̀, wọ́n ń ṣe kẹ̀kẹ́ tí a ń fi ọwọ́ yí, wọ́n sì tún ń lọ bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ gba òògùn. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Jos, Fọláṣadé Olúwafẹ́míayọ̀, tí àrùn náà mú ní ọmọdé, gba wúrà nínú gbígbé irin ní ìdíje Olímpíìkì àwọn aláàbọ̀ ara ní Tokyo ní ọdún 2021, ó sì tún gbà á ní Paris ní ọdún 2024. Ní Sùúrùlérè ní Èkó, ilé-ìwé Pacelli tí Ìjọ wa dá sílẹ̀ ti ń kọ́ àwọn ọmọ afọ́jú láti ọdún 1962.

Nínú ìtàn Ìjọ Mímọ́ náà, ẹ wo Hermann, ajẹ́jẹ̀ẹ́-ìsìn ará Jámánì tí ó kú ní ọdún 1054. Kò lè dá rìn, ọ̀rọ̀ sísọ pàápàá nira fún un, síbẹ̀ ó kọ ìwé lórí ìṣirò, lórí orin àti lórí ìràwọ̀. Ọjọ́ sì ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé òun ni ó kọ Salve Regina tí à ń kọ sí Màríà Wúndíá. Láìpẹ́ yìí, láti oṣù karùn-ún ọdún 2022 títí di ìgbà tí Olúwa pè é ní oṣù kẹrin ọdún 2025, orí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara ni a ti sábà máa ń rí Pópù Francis. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ó yẹ kí á fi í pa mọ́ sẹ́yìn aṣọ.

Kí ni kí á wá ṣe? Àwọn baba wa sọ pé ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò. Àwa tí a ti dé Sókótó ni òwe yìí ń bá wí jù.

Ẹ̀yin òbí, ẹ mú ọmọ yín jáde. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ yín sínú ìwé ìjọ, kí ẹ má ṣe fo ẹnìkan. Èyí tí ó wà nílé lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ẹ sọ fún àlùfáà ibẹ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọ, ẹ wo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì yín. Bí àtẹ̀gùn bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan, ẹ ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà méjìlá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀; bí ó bá kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò dá kẹ̀kẹ́ padà sẹ́yìn. Kí ilẹ̀kùn kan ó kéré tán fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Iye sìmẹ́ǹtì tí yóò gbà kò tó èyí tí à ń ná sórí aṣọ ẹgbẹ́ ní ìkórè kan. Ẹ wá ẹnìkan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí yóò kọ́ èdè tí àwọn adití ń fi ọwọ́ sọ. Ẹ jẹ́ kí afọ́jú tí ó mọ ìwé Braille ka Ìwé Mímọ́ lórí pẹpẹ, kí aláàbọ̀ ara jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà. Kí á má ṣe jókòó láti ro tiwọn lẹ́yìn wọn.

Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ̀yin aránṣọ, ẹ̀yin onídìrí, ẹ̀yin tí ẹ ń tún rédíò àti fóònù ṣe, Yorùbá ni ó pọ̀ nínú yín ní ìlú yìí. Iṣẹ́ tí à ń jókòó ṣe ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yín. Kí ọ̀gá kọ̀ọ̀kan gba aláàbọ̀ ara kan ṣoṣo ṣe ọmọṣẹ́, kí ó má ṣe gba owó ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ìjọ wa nìkan ni a ń sọ. Bí ó bá jẹ́ ọmọ Haúsá tí ó ń fi ọwọ́ rìn ní Kofar Marke, ọmọ Ọlọ́run kan náà ni.

Gbogbo wa, ẹ jẹ́ kí á ṣọ́ ẹnu wa. Arọ kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni afọ́jú kì í ṣe orúkọ. A sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ bí ti gbogbo ọmọ. Orúkọ náà ni kí á máa pè é.

Nínú ìwé Sámúẹ́lì Kejì, orí kẹsàn-án, Dáfídì ọba ránṣẹ́ lọ wá Mefibóṣẹ́tì ọmọ Jónátánì, tí alágbàtọ́ rẹ̀ jù sílẹ̀ nígbà tí ó ń sá fún ogun, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì rọ. Ọba kò fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí i níbi tí ó sá pamọ́ sí. Ó mú un wá sí ààfin, ó sì fi í jókòó nídìí tábìlì òun gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ọba. Nídìí tábìlì, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í hàn. Ọwọ́ tí ń bu oúnjẹ ni à ń rí. Tábìlì Olúwa wà láàárín wa ní ọjọ́ Ìsinmi gbogbo. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ wo ẹ̀yìn aṣọ ìkélé yín, ẹ wo yàrá ẹ̀gbẹ́ yín, kí ẹ má ṣe dá wá.

Ẹ jẹ́ kí á gbàdúrà. Olúwa Ọlọ́run, ìwọ tí o dá ẹni tí ń rìn àti ẹni tí kò lè rìn ní àwòrán ara rẹ, fún àwọn aláàbọ̀ ara ní ìgboyà, fún àwọn òbí wọn ní ìtùnú, fún àwọn tí ń ṣe ìjọba ní ọkàn tí ń pa òfin mọ́. Ṣí ilẹ̀kùn ilé wa, ṣí ti ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣí ti ọkàn wa, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kù sí ẹnubodè. Nípasẹ̀ Kristi Olúwa wa. Àmín.

Ó dìgbà kan ná, ẹ̀yin ará wa. Kí Ọlọ́run Olódùmarè bùkún yín, Baba, àti Ọmọ, àti Ẹ̀mí Mímọ́. Àmín.